Káàdì Àwọn Òrìṣà Gíríìsì: Ta Ni Agbára Rẹ̀ Jù?
Ní ìsọ̀ kan nítòsí Ọjà Ọba ní Adó-Ekìtì ni mo ti ra páálí káàdì ìṣeré yìí, èyí tí ó fi nọ́ńbà díwọ̀n agbára àwọn òrìṣà àti akọni inú ìtàn àtayébáyé ilẹ̀ Gíríìsì. Bébà rẹ̀ nípọn, àwòrán rẹ̀ sì dára. Ìdíwọ̀n náà gan-an ni mo ní àríwísí sí. Wọ́n fún Zeus, ọba àwọn òrìṣà, ní nọ́ńbà tó ga jù, wọ́n sì fi Typhon, ẹ̀dá abàmì tó bá a jà, sí ìsàlẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ìtàn kan sọ pé Typhon gé iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Zeus, ó sì gbé e jù sínú ihò àpáta, títí Hermes, òjíṣẹ́ àwọn òrìṣà, fi lọ jí àwọn iṣan náà gbé padà. Lóòótọ́, Zeus fi àrá borí níkẹyìn, ṣùgbọ́n ẹni tó lè ṣe irú èyí kì í ṣe ẹni tí à ń fi sí ìkẹyìn. Ti Prometheus, ẹni tó mọ ohun tí ń bọ̀ níwájú, tilẹ̀ burú jù: agbára apá nìkan ni wọ́n wò, wọn kò ka ìmọ̀ ọjọ́ iwájú sí agbára rárá, ohun tí yóò ya ẹnikẹ́ni tó mọ ipò Ọ̀rúnmìlà lẹ́nu. Káàdì Achilles, akọni jagunjagun, kò sì sọ nǹkan kan nípa gìgísẹ̀ rẹ̀, ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti lè ṣe é léṣe. Àwọn ọmọdé yóò gbádùn rẹ̀. Ẹ ṣáà dúnàádúrà dáadáa.