Gálárì aṣọ tí mo lọ wò: ẹ̀yìn aṣọ dà?

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ẹ̀yìn aṣọ tí wọn ò jẹ́ kí n rí ló gba méjì yòókù lọ́wọ́ wọn.

Aṣọ tó dá mi dúró jù ni Delphos kan, ìyẹn kaba gígùn tó ní pílíìtì, iṣẹ́ Mariano Fortuny ti ìlú Venice, ẹni tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú aṣọ náà ní 1909. Sílíìkì ni látòkè délẹ̀, pílíìtì rẹ̀ wẹ́wẹ́, kò dọ́gba, ó sì ń dán wìnnìwìnnì. Mo sún mọ́ ọn títí èémí mi fi bo gíláàsì. Ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké ni wọ́n sin tẹ̀ lé ojú ìránpọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe fún ẹwà nìkan: ìwúwo wọn ló ń fa sílíìkì fífúyẹ́ yẹn wálẹ̀ kó lè jókòó sára. Ta ló tún fẹ́ bá mi jiyàn pé aṣọ kì í ṣe iṣẹ́ ọnà?

Mo gbọ́ táwọn kan ń ráhùn pé iná ibẹ̀ ò mọ́lẹ̀ tó. Ẹ má dá gálárì náà lẹ́bi. Nǹkan bí 50 lux (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀) ni wọ́n sábà máa ń tàn sórí aṣọ ní irú ibi bẹ́ẹ̀, torí iná a máa ṣá àwọ̀, a sì máa sọ sílíìkì di ẹlẹgẹ́. Ẹ ní sùúrù díẹ̀, ojú á mọ́ ọn lára.

Àmọ́ gbogbo ère tí wọ́n wọ aṣọ fún ló fẹ̀yìn ti ògiri! Ẹni tó bá mọ abẹ́rẹ́ dì mú mọ̀ pé ẹ̀yìn ni àṣírí iṣẹ́ wà: bí wọ́n ṣe gé e, ibi tí síìpù gbà, bí èjìká ṣe jókòó. Àwòrán ara ògiri lè máà lẹ́yìn, aṣọ ní. Dígí kan péré ì bá ti yanjú ẹ̀.

Orúkọ ọ̀gá tó ṣe ọnà aṣọ nìkan ló sì wà lára ìwé àlàyé. Ẹ wo jákẹ́ẹ̀tì òdòdó tí Yves Saint Laurent, ọ̀gá aránṣọ ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní 1988, ṣebí ilé iṣẹ́ Lesage ló kó iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí i lára. Àwọn tó rán èyí tí mo wò ńkọ́?

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ṣèèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wọn ò kúrò lára ọwọ́ mi. Orin wọn ti pariwo jù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè aṣọ tó wà lórí àtẹ, torí wọ́n máa ń kó àwọn tó gbó wọlé lọ sinmi. Kí ẹ sì lọ láàárọ̀, kí èrò tó dí iwájú gíláàsì.