Ryoba àbí dozuki: ayùn Japan wo ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà?

Ayùn tí àwọn káfíńtà wa ń lò, bí wọ́n bá tì í síwájú ló ń gé igi. Ti Japan, bí ẹ bá fà á sọ́dọ̀ ara yín ni. Ẹ mú bébà kan, ẹ fi ti nǹkan: yóò ká. Ẹ fà á létí méjèèjì: yóò le, yóò nà tààrà. Bẹ́ẹ̀ ni irin ṣe ń ṣe. Ayùn títì gbọ́dọ̀ nípọn kó má baà tẹ̀, ṣùgbọ́n ayùn fífà lè fẹ́lẹ́ gan-an, ipa rẹ̀ nínú igi á sì tín-ín-rín. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe àga àti gìtá ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fi ń rà á.

Ryoba ní eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Eyín ńláńlá ni ẹ fi ń la igi ní òòró, ẹ ó fi wẹ́wẹ́ gé e ní ìbú. Owó ayùn kan, iṣẹ́ ayùn méjì. Kò sí irin kankan lẹ́yìn rẹ̀ tó máa dá a dúró, nítorí náà ó lè gé pákó nípọn já. Àléébù rẹ̀ ni pé bó bá ti wọlé jìn, eyín òkè lè máa ha igi.

Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni dozuki ní eyín, wọ́n sì fi irin líle de ẹ̀yìn rẹ̀. Irin yẹn ló jẹ́ kí ojú rẹ̀ lè fẹ́lẹ́ tó nǹkan bíi 0.3 mìlímítà, òun náà ni kò sì jẹ́ kó lè wọlé jìn. Ayùn oríkèé ni, fún sashimono, iṣẹ́ àpótí àti àga tí igi ti ń wọnú igi láìsí ìṣó. Ẹni tí kò ní sùúrù á tẹ ẹ́ lọ́jọ́ kìíní.

Dozuki ló ń wọni lójú nínú àwòrán, mo mọ̀. Síbẹ̀, ryoba tí irin rẹ̀ gùn tó 240 mìlímítà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, àfi tó bá jẹ́ àpótí kéékèèké nìkan lẹ fẹ́ ṣe.

Èyí tó ṣeé pààrọ̀ irin ńkọ́, àbí èyí tí alágbẹ̀dẹ fọwọ́ rọ? Ayùn ilé-iṣẹ́ Z-Saw àti ti Gyokucho, tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Miki ní Japan, ṣeé pààrọ̀ irin. Wọ́n ti fi iná mú eyín wọn le débi pé fáìlì kò ràn án. Tó bá kú, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn sí i. Èyí tí wọ́n fọwọ́ rọ lẹ́wà, wọ́n fi pàǹkẹ́rẹ́ wé èèkù rẹ̀, ṣùgbọ́n metate, ìyẹn oníṣẹ́ tó ń pọ́n eyín ayùn, ló yẹ kó máa bá yín pọ́n ọn. Wọn ò pọ̀ mọ́ ní Japan pàápàá. Tó bá kú mọ́ yín lọ́wọ́ n'Ìbàdàn, ṣé Sanjo, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ ní Japan, lẹ máa gbé e lọ ni?

Ẹ tún wo igi tí ẹ fẹ́ gé. Igi sugi àti hinoki, tí wọ́n fi ń kọ́lé ní Japan, rọ̀. Ìrókò àti apá le, ìrókò a sì máa ní nǹkan bí òkúta nínú. Eyín wẹ́wẹ́ yẹn lè kán níbẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè irin tí wọ́n ṣe fún igi líle, kí ẹ sì ra ìpààrọ̀ kan mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà.