Àpótí ìdánwò omi púùlù tó ń lo ẹ̀kán: ìdí tí n kò fi padà sídìí bébà mọ́

Bébà ìdánwò yá lóòótọ́. Ẹ ó rì í bọ omi, ẹ ó fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti ara páálí, ó tán. Ṣùgbọ́n nílé wa, àwọ̀ tí mo rí kọ́ ni ìyàwó mi ń rí, bẹ́ẹ̀ púùlù kan náà là ń tọ́jú. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ra àpótí tó ń lo ẹ̀kán oògùn.

Ìdánwò kilorínì rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ó bu omi mílílítà 10, ẹ ó da páúdà díẹ̀ sí i, gbogbo rẹ̀ á di pínńkì. Ẹ wá máa kán oògùn kejì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa mì ín, títí omi náà á fi mọ́ gaara. Ẹ̀kán kan, 0.5 ppm (ìyẹn ìdá nínú mílíọ̀nù), ẹ̀kán 6, 3 ppm. Kíkà ni, kì í ṣe ìfojúdá.

Iṣẹ́ kò tíì tán. Ẹ kán oògùn kẹta sí omi yẹn kan náà. Bó bá tún pọ́n, kilorínì tó ti so mọ́ òógùn àti ìtọ̀ ló wà níbẹ̀. Òun ló ń rùn, òun náà ló ń ta ojú. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé púùlù tó ń rùn ti gba kilorínì jù, nígbà tó jẹ́ pé àfikún kilorínì gan-an ni omi náà ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ti pH, ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, kò le: láàárín 7.2 sí 7.8 ló yẹ kó wà. Bó bá ga, ásíìdì ló ń fà á wálẹ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ásíìdì àti kilorínì pàdé nínú korobá kan láé. Èéfín rẹ̀ lè pààyàn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ìdánwò cyanuric acid, èròjà tó ń gba kilorínì lọ́wọ́ oòrùn. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ kilorínì oníkóró, kì í sì í bá oòrùn fà lọ, ńṣe ló ń gun orí ara wọn. 30 sí 50 ppm ti tó. Bó bá pọ̀ jù, kilorínì á wà nínú omi ṣùgbọ́n kò ní lágbára. Láti wọ̀n ọ́n, ẹ ó máa da omi tí oògùn ti mú dàrú bíi funfun sínú ife gbọọrọ, títí ẹ kò fi ní rí àmì dúdú tó wà nísàlẹ̀ mọ́. Bí àmì náà bá ṣe tètè pòórá tó ni èròjà náà ṣe pọ̀ tó. Tiwa pòórá kó tó dé ibi 100 rárá, ìyẹn ni pé ó ti ju 100 ppm lọ! Àfi ká fa lára omi náà dànù, ká fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Àléébù rẹ̀? Lẹ́tà ìwé ìlànà kéré jù, ìdánwò àmì dúdú ò sì ṣeé ṣe dáadáa lálẹ́. Oògùn rẹ̀ kò fẹ́ oòrùn, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni kó máa gbé.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ yẹ inú rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó: àwọn kékeré kan wà tó jẹ́ pé kilorínì àti pH nìkan ni wọ́n ń wọ̀n.