Báàgì tí wọ́n ń fi pọ́ńpù fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde: ohun tójú mi rí

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó náwó ẹ̀. Báàgì tí wọ́n ń kó aṣọ sí tí wọ́n á wá fi pọ́ńpù fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ yẹn, mo ra mẹ́fà pẹ̀lú pọ́ńpù ẹ̀ ní Sábó níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, ₦9,500, nígbà tí mò ń múra àtilọ bá ọmọ mi wẹ ọmọ tuntun ní Birmingham.

Iṣẹ́ ẹ̀ dáa, mi ò ní purọ́. Jákẹ́ẹ̀tì òtútù méjì tí mo rà ní òkìríkà, àwọn nìkan ti fẹ́ẹ̀ gba ìdajì àpótí. Mo kó wọn sí báàgì, mo fìka tẹ sípì ẹ̀ lọ tẹ sípì ẹ̀ bọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa pọ́ńpù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín pé Màmá ti di fọkanáísà, kó tó rẹ́rìn-ín tán jákẹ́ẹ̀tì ti pẹlẹbẹ, ó le bíi pákó.

Ibẹ̀ ló ti tàn mí. Bí mo ṣe rí i pé àyè ṣì wà, mo ń ki nǹkan sí i ni, àǹkárá ìkómọ, èlùbọ́, láfún, ẹ̀gúsí, irú gbígbẹ, mo gbàgbé pé afẹ́fẹ́ la fà jáde, a ò fa kílò jáde. 23 kílò ni tíkẹ́ẹ̀tì mi gbà fún àpótí kan. A dé Èkó, kí n tó dé ìdí òṣùwọ̀n gan-an, ẹni tó ń yẹ ẹrù wò ní kí n ṣí báàgì yẹn. Háà! Bí mo ṣe ṣí i, jákẹ́ẹ̀tì wú bíi búrẹ́dì inú ààrò. Pọ́ńpù ńkọ́? Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ èlùbọ́. Àbúrò mi ló jókòó lé àpótí ká tó rí i tì, a gbé e sórí òṣùwọ̀n, 27.4! Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè, "Mummy, ẹ yọ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ sanwó." Láfún mi àti ẹ̀gúsí padà sílé nìyẹn.

Ẹ má fi gèlè sí i o. Tèmi rún débi pé áyọ́ọ̀nù ò rí i ṣe. Aṣọ òkè náà, ẹ fi sílẹ̀. Àǹkárá ò nílò pọ́ńpù rárá, ẹ ká a bí ẹni ká ẹní, kò ní gbàyè. Ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tún ń jò, mo fà á lálẹ́, ilẹ̀ mọ́ ó ti wú padà. (Power bank ò gbọdọ̀ wọ inú àpótí tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ fún wọn, ẹ gbé e dání. Àdí àgbọn ọmọ ní tiẹ̀, tí ike ẹ̀ bá ti ju 100 ml lọ, inú àpótí ni kẹ́ ẹ fi sí.)

Ìgbà tí mò ń bọ̀ nílé ni mo tó gbọ́n. Mo gun òṣùwọ̀n ilé ọmọ mi, 71, mo gbé àpótí dání mo tún gùn ún, 94, mo ní ó tó, ẹ má fi nǹkan kan sí i mọ́.

Tó bá jẹ́ jákẹ́ẹ̀tì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì lẹ fẹ́ kó, mo fún un ní 4 nínú 5. Fún ẹni tó fẹ́ gbé oúnjẹ, 1. Mo fi pọ́ńpù sílẹ̀ fún ọmọ mi, èyí tó ń jò yẹn, nápíì ni wọ́n ń kó sí i.