Ọkọ̀ méjì ló wá fa sọ́kàwéè wa, ọ̀kan péré ló ṣe é

Apá Ajah là ń gbé, níbi tí èèyàn kì í gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà kó tó kan omi. Nínú oṣù kẹfà, omi tí a bá dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa kò lọ mọ́. Yóò kùn, yóò sì rú padà sókè. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, màmá ò sì lè jẹun nínú ilé torí òórùn. Ojú tì mí gan-an.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ gba ₦50,000. Wọ́n ki rọ́bà bọ ihò, wọ́n fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 fà á, wọ́n ní ó ti tán. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó tún fi rú. Omi ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n fà lọ! Nígbà tí mo bi wọ́n níbi tí wọ́n ń da ìgbẹ́ náà sí, wọn ò dá mi lóhùn gidi.

Aládùúgbò wa ló júwe àwọn kejì. ₦70,000 ni wọ́n gbà. Bàbá tó ṣáájú wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kan rọ́bà. Ó ní kí n fi yàrá méjèèjì tó wà nínú táńkì tí ìgbẹ́ ń kọ́kọ́ bọ́ sí han òun. Mi ò mọ̀ pé méjì ni. Ó ní èyí tó wúwo máa ń rì sísàlẹ̀ yàrá àkọ́kọ́, ọ̀rá á léfòó, omi àárín á kọjá sí yàrá kejì, á ti ibẹ̀ lọ sí sọ́kàwéè tí ilẹ̀ ti ń mu ún. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá pọ̀ jù, yóò bá omi kọjá, yóò dí ojú ilẹ̀ yẹn pa.

Wọ́n ṣí ìdérí méjèèjì kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú sí ihò, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń pani. Wọ́n da omi sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, wọ́n fi igi gígùn rò ó, wọ́n wá fà á. Ó lé ní wákàtí kan. Bàbá tan tọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n dúró lókèèrè wò ó: mo rí sìmẹ́ǹtì ìdí rẹ̀.

Wáìpù tí mo fi ń nu àwọn ọmọ nídìí ló pọ̀ jù nínú ohun tó jáde. Kì í jẹrà, mi ò mọ̀. Bàbá tún rí gálọ́ọ̀nù Izal lẹ́yìnkùlé, ó ní, “Ìyá Ìbejì, àwọn kòkòrò tó ń bá yín jẹ ìgbẹ́ yẹn lẹ fi ń pa o.” Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń dà á sí i tẹ́lẹ̀!

Wọ́n pẹ́ dé ní wákàtí mẹ́rin, ìdérí kan sì sán lọ́wọ́ wọn, èmi ni mo ra sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ìyẹn bí mi nínú. Àmọ́ wọn ò parọ́ fún mi: Bàbá ní bí òjò bá pọ̀, omi ilẹ̀ á ṣì máa wọnú sọ́kàwéè, fífà kò lè wo ìyẹn sàn.

Oṣù márùn-ún rèé, kò tíì rú. Mo ti bá wọn ṣàdéhùn oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò kójò tó dé.