Alágbàtà tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí àbí òǹtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì: ọ̀dọ̀ ta ni kí ẹ ti ra MOSFET?

Mo ti ra MOSFET (ẹ̀yà kékeré inú ẹ̀rọ tó ń tan iná tó sì ń pa á bíi switch) àti irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn alágbàtà tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí, irú Mouser, Digi-Key àti Farnell. Mo sì ti rà lọ́wọ́ àwọn òǹtajà tó kún orí AliExpress àti eBay.

Ní ti owó, òǹtajà ló dínwó jù. Tí ẹ bá ń ra ẹyọ méjì mẹ́ta, owó ìfiránṣẹ́ alágbàtà lè ju owó ọjà lọ. Ní ti yíyá, alágbàtà ni. Ọjà àtijọ́ tí wọn kò ṣe mọ́, ọwọ́ òǹtajà ló sábà máa ń wà, ibẹ̀ náà sì ni ayédèrú pọ̀ sí jù.

Èyí tó ká mi lára ni bóyá ọjà ṣe ohun tí datasheet rẹ̀ (ìwé tí ilé iṣẹ́ fi sọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó) sọ. Ẹ jẹ́ ká mú MOSFET kan, IRF3205. Tí ẹ bá fi 10 V sí gate rẹ̀ (ẹsẹ̀ tó ń tàn án tó sì ń pa á), tí kò sì tíì gbóná, resistance rẹ̀ (bó ṣe ń dí iná lọ́nà) kò gbọdọ̀ ju 8 mΩ lọ. Èyí tí òǹtajà kan fi ránṣẹ́ sí mi, orúkọ hàn ketekete lára rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán, ojú kò rí àléébù kankan. Mo wọ̀n ọ́n, 30 mΩ! Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: tí 20 A bá ń gba inú ojúlówó kọjá kó tó gbóná, ooru rẹ̀ kò ju 3.2 W lọ. Tèyí jẹ́ 12 W, bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń gbóná ni resistance náà ń ga sí i. Àwọn tí mo ti fi sórí bọ́ọ̀dù jó, wọ́n sì ba driver (ẹ̀yà tó ń darí gate wọn) jẹ́. Mo fọ́ ike ọ̀kan, ègé silicon inú rẹ̀, tí iná ń gbà kọjá, kò tó nǹkan. Òǹtajà dá owó MOSFET padà, àmọ́ ta ni yóò san ti driver àti bọ́ọ̀dù?

Ọjà alágbàtà ti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ wá tààrà, nọ́ńbà lot (ìdì tí wọ́n ṣe pọ̀ nígbà kan náà) wà lára àpò rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ ṣáà ka datasheet, torí ojúlówó náà ní ààlà: capacitor (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná) X5R ojúlówó tó jẹ́ 10 µF lè pàdánù ju ìlàjì µF rẹ̀ lọ tí fóltéèjì bá ti dé iye tó ga jù tí wọ́n kọ sí i.

Ọ̀nà méjèèjì ló wúlò. Resistor, LED, switch, ẹ rà wọ́n lọ́wọ́ òǹtajà. MOSFET, regulator (ẹ̀yà tó ń mú fóltéèjì dúró déédéé), capacitor inú power supply, ọ̀dọ̀ alágbàtà ni. Bátìrì 18650 tí wọ́n bá kọ 9900 mAh sí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Kò sí èyí tó gba ìlàjì rẹ̀. Tó bá sì di dandan kí ẹ ra MOSFET lọ́wọ́ òǹtajà, ẹ wọ̀n ọ́n kí gbèdéke ìdápadà tó kọjá, kó má sì tíì dórí bọ́ọ̀dù.