Oko Ìdílé Kan ní Ọ̀nà Ifẹ̀wàrà: Epo Pupa àti Ọ̀yà

Bí ènìyàn bá ń wá epo pupa tí kì í yún ni lọ́fun ní agbègbè Iléṣà, mo gbà á nímọ̀ràn kí ó gba ọ̀nà Ifẹ̀wàrà lọ sí oko kan tí baba, ìyá àti àwọn ọmọ wọn jọ ń dá, níbi tí wọ́n ti ń fún epo, tí wọ́n sì ń sin ọ̀yà. Epo ni ó gbé mi débẹ̀, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ méjèèjì ṣe gbe ara wọn ni ó sọ mí di oníbàárà wọn.

Ẹni tó bá mọ oko ọ̀pẹ yóò mọ̀ pé ọ̀tá ni ọ̀yà jẹ́ fún ọ̀pẹ kékeré, nítorí a máa gé e jẹ láti ìdí. Ní oko yìí, wọ́n fi wáyà yí àwọn ọ̀pẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ká nítorí ọ̀yà inú igbó, nígbà tí àwọn ọ̀yà tiwọn wà nínú ilé oníbúlọ́ọ̀kù, tí wọ́n ń jẹ eèsún tí wọ́n gé láàárín ọ̀pẹ. Wọn kì í gbé koríko tútù fún wọn lójú ẹsẹ̀. Ìyá oko a kọ́kọ́ sá a sóòrùn títí yóò fi rọ, torí pé koríko tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀ máa ń mú kí inú wọn wú. Ìgbẹ́ wọn ni wọ́n ń kó padà sídìí ọ̀pẹ. Iṣẹ́ sùúrù ni: abo ọ̀yà a máa lóyún fún nǹkan bí oṣù 5, akọ méjì tó ti dàgbà kò sì ṣeé fi sínú yàrá kan náà.

Ti epo ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fún epo a máa da ìdì ẹyìn jọ fún ọjọ́ pípẹ́ kí ẹyìn lè tètè yọ, bẹ́ẹ̀ ni bí ẹyìn bá ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ tó ni epo rẹ̀ ń kan sí i. Àwọn wọ̀nyí ń fi àáké la ìdì ẹyìn, wọ́n ń ṣà á kí ó tó rà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ṣà á ni wọ́n sì ń sè é. Epo tí wọ́n rọ fún mi pupa fòò, kò sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò, bẹ́ẹ̀ ni kò rùn èéfín. Mo fi iṣu gbígbóná jẹ ẹ́ ní tútù, ọ̀fun mi kò sì yún mi. Owó rẹ̀ ga díẹ̀ ju ti ọjà lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀yà yíyan wọn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Èyí tí mo rà kò gbẹ dénú, nítorí náà ààyè ni kí ẹ rà, kí wọ́n pa á lójú yín. Ìyẹn náà fọkàn ẹni balẹ̀, nítorí àwọn ọdẹ mìíràn ń fi májèlé pa ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì. Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì yín dání, nítorí wọn kì í ní tó. Ẹni tó bá fẹ́ àdín kí ó tètè ránṣẹ́ sí wọn, torí pé àwọn oníbàárà kan máa ń kó ẹkùrọ́ wọn lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.